Ìka Mi Ni, Kì Í Ṣe Ti Bàámi

Ẹ má tíì kó ẹ̀rọ kankan padà fún dókítà. Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé mì láti oṣù méjì. Bí n kò bá sọ ọ́ láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wúkọ́ níwájú mi yìí ni yóò jìyà rẹ̀.

Dókítà ní ẹ̀rọ tí wọ́n fún wa láti máa fi wọn èémí nílé yìí kùnà, kí ẹ dá a padà. Wọ́n ní bó bá mọ̀ lóòótọ́ pé àìsàn ẹ̀dọ̀fóró fẹ́ ru sí ènìyàn, kò yẹ kó dákẹ́ títí bàbá mi fi kú. Nọ́ọ̀sì tó ń pè wá sì ń jẹ̀bi ohun tí kò ṣe. Ẹ̀rọ kò kùnà! Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Káfíńtà ni bàbá mi, ogójì ọdún ni wọ́n fi fa eruku pákó símú. Láràárọ̀, wọn á ti ìka bọ ẹ̀rọ, n óò tẹ nọ́ńbà tó bá gbé wá àti àwọ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn sínú fóònù. Bí nǹkan kò bá dára, fóònù á ké, nọ́ọ̀sì á pè: "Ẹ tètè gbé bàbá wá lónìí." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ké lóṣù kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Wọ́n á fún wọn lóògùn, ara wọn á balẹ̀, a ó padà sílé. Inú wá ń bí mi pé a kàn ń lọ lásán ni. Òmùgọ̀ ni mí! Torí pé a tètè ń lọ ni nǹkan kan kò fi ṣẹlẹ̀.

Mo ní kí àbúrò mi ọkùnrin wá gbà mí. Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin ò níka ni? Ẹ ti tiyín bọ̀ ọ́, kí fóònù yẹn jẹ́ ká sinmi." Òun ló jókòó sẹ́yìn yẹn, tó ń wolẹ̀. Máa wolẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ṣe é? Èmi tí ẹ̀ ń kí pé mo tọ́jú bàbá mi ni. Ẹ yé kí mi!

Bàámi rí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìka tìẹ ò ṣàìsàn o." Mo ní, "Bàámi, ẹ jẹ́ kí n ráyè ránṣọ." Wọ́n ká ìka wọn padà.

Ọjọ́ mẹ́fà. Lọ́jọ́ kẹta, wọn kò lè de okùn bàtà wọn mọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn di àwọ̀ ewé. Mo tẹ funfun. Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, èjìká wọn ń lọ sókè sódò. Wọ́n na ìka sí mi. "Ìka... mi." Oníbàárà kan ń bọ̀ wá gba gáùn rẹ̀ láago mẹ́wàá. Mo ní, "Ẹ ṣì dúró ná." Mo ti ìka tèmi bọ̀ ọ́, ó gbé méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, nọ́ńbà ẹni tó ń mí geere, mo lọ jókòó ti gáùn. Nígbà tí mo fi rán apá rẹ̀ tán, bàbá mi ti fẹ̀yìn ti ògiri. Wọn kò mí mọ́. Ìka yẹn ṣì nà.

Bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tilẹ̀ jìnnà. Dókítà, ẹ wo ìwé tí ẹ kọ nọ́ńbà wọn sí yẹn dáadáa. Láti ọdún méjì, ọjọ́ mẹ́fà yẹn ni nọ́ńbà bàbá mi dára jù. Ṣé ẹni tó ń kú lọ nìyẹn? Èémí tèmi lẹ kà. Ẹ bá mi bẹ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ tẹ̀lé òbí wá, bí fóònù bá ké lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ gbé wọn wá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. N kò bẹ̀bẹ̀ fún ara mi, ẹni tí mo ṣẹ̀ kò sí níbí.

Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ẹ̀rọ tiyín sórí tábìlì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e padà. Ẹ na ìka yín wá.