Àtàǹpàkò Mi Ló Pa Ìkìlọ̀ Náà Rẹ́

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ìyàwó mi, ti ilẹ̀kùn, kí nọ́ọ̀sì má bàa já lu ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí dókítà ń bá yín sọ̀rọ̀ lánàá, ẹ rò pé mo ti sùn ni. Mi ò sùn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé kiri láti ọdún mọ́kànlá, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Àbúrò mi, fi ọ̀pá rẹ ti ògiri, kí o jókòó. Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Má fèsì títí n ó fi parí, torí bí o bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ rẹ yẹn pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ náà yóò padà sí mi níkùn.

Gbogbo yín lẹ mọ ọkọ̀ pupa tí mo ní nígbà náà, ọkọ̀ asáré tó ń fi iná mànàmáná rìn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Kò sí àlejò tí mi ò fà jáde lọ wò ó, tí n ó máa ṣàlàyé bíi tísà: pé kò ní ẹ́ńjìnnì, kò mu epo, pé wáyà bàbà ni wọ́n ká yípo inú mọ́tò rẹ̀, iná ń gba wọ́n kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ wọ́n di òòfà tó ń sáré yípo, irin àárín ń lé òòfà náà, kò sì ní bá a láéláé, lílé yẹn ló ń yí táyà. Bí o bá ti fi ẹsẹ̀ tẹ tọ́tù tó ń mú un sáré báyìí, gbogbo agbára rẹ̀ ti dé nìyẹn, ẹ̀yìn rẹ á lẹ̀ mọ́ àga.

Àbúrò mi, ìwọ ti wa bọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, o kò fi ha ògiri rí. Ẹsẹ̀-Òwú ni àwọn ọmọ ń pè ọ́, torí bí o bá dá bọ́ọ̀sì dúró, omi inú ife kò ní dà. Lójú àlejò lo ti wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ tí ò dún yìí, ṣé kì í ṣe nǹkan ìṣeré táwọn ọmọdé ń tì nílẹ̀ nìyí?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún mi lára.

Mo ní kí o wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Mo ní, "Gbàgbé bíréèkì. Bó o bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ó máa dúró fúnra ẹ̀." Òótọ́ ni. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò, iṣẹ́ yí padà, táyà ló ń yí mọ́tò, mọ́tò á sì máa da iná padà sínú bátìrì. Iṣẹ́ yẹn wúwo, òun ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, o ti mọ̀ ọ́n wà jù mí lọ. Ọmọbìnrin mi, ìwọ lo sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ẹ jẹ́ kí Bàbá Kékeré máa wà á, tiyín ń mú èébì gbé mi." Ọmọdé ni ọ́ nígbà náà, o kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà bà mí.

Ohun kan wà tí mi ò kọ́ ọ, àbúrò mi. Bátìrì tó bá kún dẹ́nu kò ní àyè láti gba iná mọ́, bí àgbá tó kún kì í ti í gba omi. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, bí o bá gbé ẹsẹ̀, ọkọ̀ á kàn máa yọ̀ lọ ni. Bíréèkì wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ẹsẹ̀ rẹ láti gbàgbé rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, mo fi wáyà iná sí ọkọ̀ títí bátìrì fi kún pátápátá, ohun tí mi ò ṣe rí. Mo mọ̀ pé ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ la máa gbà. Mo wọlé láti tún àga ṣe fún ọ, ọ̀rọ̀ sì yọ lójú pátákó iwájú awakọ̀ pé bátìrì ti kún, pé ọkọ̀ kò ní dúró fúnra rẹ̀, kí awakọ̀ lo bíréèkì. Mo kà á tán. Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ lẹ́yìn mi. Mo fi àtàǹpàkò pa á rẹ́, mo ní, "Wọlé, ọ̀gá awakọ̀." Mi ò fẹ́ kí o kú. Mo kàn fẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́, kí o pariwo, kí n lè máa fi ṣe ọ́ yẹ̀yẹ́ lójú àlejò. Ìkà ni mí.

A dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, o gbé ẹsẹ̀, ọkọ̀ kò dín eré. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò dúró o." Mo dákẹ́. Igbe rẹ ni mò ń dúró dè. Bí mo bá ti pe bíréèkì lẹ́ẹ̀kan péré, o ì bá ti tẹ̀ ẹ́. Lọ́rì wà níwájú, ó dúró gbọn-in. Ẹsẹ̀ rẹ ń wá bíréèkì, ó ti pẹ́ jù. O wá yí sítíárìn kí lọ́rì lè gba ẹ̀gbẹ́ tìrẹ, kó má gba ẹ̀gbẹ́ tèmi. Àbúrò mi, mo rí i. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Orí rẹ fọ́, ẹsẹ̀ rẹ kán, o kò rántí bó ṣe ṣẹlẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọlọ́pàá bi mí, mo ní, "Ó ṣi ẹsẹ̀ gbé ni, tọ́tù ló tẹ̀ dípò bíréèkì." Wọ́n ní irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́, irọ́ tèmi, orí ọmọ ìyá mi ló fi gbọgbẹ́. Ẹni tó ń tún ọkọ̀ oníná ṣe pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí ò sí lórí tọ́tù rárá. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ló ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ báyìí." Mo ní kó tú ọkọ̀ náà palẹ̀, kó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Èyí tó burú jù ló kù. Lẹ́yìn oṣù méjì, o fi ọ̀pá rìn wá sílé mi, o fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ kò jẹ́. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí. Mo ba ọkọ̀ yín jẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín." Mo gbá ọ mú, mo ní mo ti dárí jì ọ́. Gbogbo ẹbí ń yìn mí pé onínú rere ni mí.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tí kò ha ògiri rí kò fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́. Géètì lo ń ṣí fún àwọn bọ́ọ̀sì tí ìwọ ì bá máa wà. Aṣìtẹ̀ ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ mi pàápàá ń fi pè ọ́ lẹ́yìn, mo sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá mọ ewu tí ẹnìkejì yín kò mọ̀, ẹ sọ ọ́ jáde kíákíá. Ìlara kì í jẹ́ kí ẹnu tètè là.

Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Ohun tí mo ń bẹ̀ ni pé kí o gbà mí gbọ́: ẹsẹ̀ rẹ kò ṣì. O gbé e kúrò lásìkò, bí mo ti kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Ọmọbìnrin mi, lọ sí ibi géètì yẹn lọ́la, kí o sọ ọ́ létí gbogbo wọn pé Ẹsẹ̀-Òwú ni orúkọ rẹ̀.

Mo ti parí. Àbúrò mi, o lè fèsì báyìí.