Àlùbọ́sà Tí Kò Ní Séńtíríólì

Ẹ̀yin ará, kí n tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ júbà pẹ́ńsùlù aláwọ̀ méjìlá. Òun ló ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ọ̀mọ̀wé láìjẹ́ pé ó wo nǹkan kan. Ní iléèwé nọ́ọ̀sì tí mo wà, ẹni tí àwòrán rẹ̀ bá rẹwà jù là ń pè ní Dókítà. Mo wá dúpẹ́ pé Ọlọ́run gba tèmi lọ́wọ́ mi.

Ẹ mọ̀ pé mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò báyọ́lọ́jì lọ́dún tó kọjá. Tí n bá tún fìdí rẹmi, wọn yóò ní kí n máa lọ sílé. Ẹ ti bá mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdánwò, mo gbàgbé páálí pẹ́ńsùlù mi sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé mi láti àdúgbò wa ní Logan Town. Ó ku dúdú kan ṣoṣo nínú àpò mi.

Wọ́n fi gbòǹgbò àlùbọ́sà tó ń dàgbà sábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n ní ká ya ohun tí a bá rí. Gbogbo wa ti mọ ohun tí a máa yà. Ìwé ti sọ pé bí sẹ́ẹ̀lì ẹranko bá fẹ́ pín, séńtíríólì, àwọn ọ̀pá tín-ín-rín inú rẹ̀, á lọ ní méjì-méjì sí ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, fọ́nrán á jáde láti ọ̀dọ̀ wọn, á sì fa kúrómósóòmù tó gbé àbùdá sọ́tùn-ún sósì, kí sẹ́ẹ̀lì ọmọ kọ̀ọ̀kan lè rí ìpín tirẹ̀ gbà. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń kun séńtíríólì tiwọn. Nígbà tí mi ò ní àwọ̀, kò sí ohun tó kù ju kí n wò ó lọ.

Mo rí fọ́nrán. Mo rí kúrómósóòmù tó ń pínyà. Mi ò rí séńtíríólì. Mo gbàdúrà pé kí Bàbá fi hàn mí, mo nu awò náà, mo tún wò. Kò sí. Ni mo bá fi ìbẹ̀rù ya ohun tí mo rí.

Ma Hawa, olùkọ́ tó ń yẹ̀ wá wò, dúró sí ẹ̀yìn mi.

“Séńtíríólì tìẹ dà?”

“Ma, mi ò rí i o.”

“Sẹ́ẹ̀lì ẹranko ló ní in. Àlùbọ́sà ò ní, ó sì ń pín bẹ́ẹ̀. My people, ta ló wá fi han àwọn tó kù yìí?”

Mo yege. Àdúrà tí Ọlọ́run kò gbà ló yọ mí. Ẹ bá mi yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi àwọn ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Àlùbọ́sà náà ni wọ́n fún mi yà nínú ìdánwò ọdún tó kọjá. Mo ya séńtíríólì mẹ́rin, mo kùn wọ́n ní àwọ̀ ọsàn. Mi ò tilẹ̀ fojú kan awò náà.