Ìborùn Tí Mo Fi Du Kápẹ́ńtà

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin aládùúgbò. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọlé, oúnjẹ wà lórí iná, kò ní sá lọ. Olórin lẹ mọ̀ mí sí, ẹlẹ́rìn-ín lẹ mọ̀ mí sí. Dókítà ní ọkàn mi ti ń rẹ̀, inú mi sì ń dùn pé màá sinmi láìpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò gbọdọ̀ gbé wọnú sàréè. Nọ́ọ̀sì tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí ni mo ṣẹ̀, àti ọmọbìnrin kápẹ́ńtà tó wà níwájú mi yẹn.

Ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, agbálẹ̀ ni mí nílé ìwòsàn kékeré kan. Wọ́n gbé kápẹ́ńtà wọlé, ayùn ti ya itan rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ. Báńdéèjì ti tán. Nọ́ọ̀sì fi ìkúùkù méjèèjì tẹ ojú ọgbẹ́, ó ní, “Ìyá, ẹ wá aṣọ tó fẹ̀, tó yi, ká fi igi lọ́ ọ mọ́ itan rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá.” Ìborùn mi wà nínú àpò lábẹ́ apá mi, tuntun, n kò tíì lò ó rí. Mo ní n kò ní nǹkan kan. Mo já aṣọ fèrèsé tó ti gbó, mo fi lé e lọ́wọ́. Ẹ wo ìwà!

Mo wá bẹ̀rẹ̀ orin, kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí léèrè àpò:

Rọra, ọkọ mi, rọra,
ilé ò jìnnà mọ́.

Kápẹ́ńtà béèrè bóyá orin òkú ni. Mo ní rárá, orin ìgbéyàwó ni. Ó rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ń lọ́ igi, ẹ̀jẹ̀ ti ń dáwọ́ dúró, ni aṣọ bá ya. Ó tún un so, ó tún ya. Ó bọ́ kaba ara rẹ̀ fi so ó, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti lọ jù. Orin ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí ọkùnrin náà dákẹ́.

Ẹ má tíì bú mi, èyí tó burú jù ń bọ̀. Ọ̀gá dókítà bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní, “Ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló ń gbọ̀n, kò mọ̀ ọ́n so.” Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Apààyàn ni àwọn ará ilé olóògbé ń pè é lójú títì. Èmi sì da ìborùn náà bo èjìká, mo lọ kí opó. Ìyá rẹ, ọmọ kápẹ́ńtà, fọwọ́ kàn án, ó ní ó rẹwà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí wọ́n bá ní ẹ mú aṣọ wá nítorí ẹ̀jẹ̀, èyí tó dára jù ni kẹ́ ẹ bọ́. Ẹ forí jì mí.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn lánàá nìyẹn. Ọmọbìnrin kápẹ́ńtà dìde, kò wo ibi tí mo wà, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú nọ́ọ̀sì. “Mọ̀mọ́, mo ti bú yín láìmọye ìgbà.” Nọ́ọ̀sì gbé e dìde, ó nu ojú ara rẹ̀. Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá ó dárí jì mí. Ó ní kí n kọ́kọ́ bu oúnjẹ wá ná, òun ò lè fi ebi dárí ji ẹnikẹ́ni.

Mo bù ú. Ó jẹ ẹ́, ó gùnfẹ̀, ó sì fi ẹja inú àwo rẹ̀ sínú tèmi. Mo jẹ ẹ́ tomijé tomijé. Gbogbo wọn yó kí wọ́n tó lọ sílé, nọ́ọ̀sì àti ọmọbìnrin kápẹ́ńtà sì jọ gba ọ̀nà kan náà.