Ọjọ́ Tí Mo Sọ Fún Àlejò Pé Mi Ò Mọ̀

Ògo! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi ké ògo kó dé Òṣogbo, torí ibẹ̀ ni Jésù ti yọ mí!

Ẹ mọ̀ mí ní Iléṣà níbí. Ọkọ mi kú lọ́dún tí ogun parí, ó fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí ìjọba ní àwọn fẹ́ kọ́ àwọn tí yóò máa mú àlejò rìn, káwọn sì fún wọn níwèé àṣẹ, mo sáré lọ. Igbó Ọ̀ṣun wà lára ibi tí à ń mú wọn dé. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o, iṣẹ́ ni mo bá débẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Mo kó òyìnbó mẹ́fà wọ igbó, ọ̀gá tó ń kọ́ wa ń tẹ̀ lé wa. Ọ̀kan nínú wọn já ewé kan, ó ní kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ òṣómàáló ni mí: bàbá mi kiri aṣọ títí ó fi darúgbó, kò sọ "mi ò mọ̀" fún oníbàárà rí. Mo ní ewé ibà ni, kí wọ́n sè é mu. Ìyá àgbà kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ pariwo pé májèlé ni. Ọ̀gá ní mo ti kùnà, pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún mi.

Ha! Ǹ bá pààyàn. Jésù, o ṣeun!

Mo padà lọ bẹ ìyá yẹn. Ó fún mi lómi mu. Ó ní òun tí òun dàgbà síbẹ̀, òun ò mọ gbogbo ewé ibẹ̀.

"Ọmọ mi, bó o bá ní o ò mọ̀, ẹnu ẹ ò ní bó."

Ìdánwò kejì dé. Obìnrin òyìnbó kan nàka sí ère kan, ó bi mí léèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ. Irọ́ ti dé ètè mi! Mo gbé e mì.

"Mi ò mọ̀, mà. Ẹ jẹ́ ká lọ bi ìyá tó ń tọ́jú ibí."

Mo síwájú wọn lọ bá a. Mo ní iṣẹ́ ti bọ́. Nígbà tá a jáde, ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní òun lòún rán obìnrin náà.

"Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìdánwò. Ẹni tó bá lè sọ ohun tó o sọ yẹn ni mo lè fàlejò lé lọ́wọ́."

Ó fọwọ́ síwèé àṣẹ mi lójú mi. Ẹ bá mi dúpẹ́! Àwọn ọmọ mi ti padà sílé ìwé, ẹ tún bá mi dúpẹ́!

Ìwọ tó o jókòó síbí, tí ìṣòro ti kọjá agbára ẹ, tó ò ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan: sọ ọ́. Sọ fún Ọlọ́run, sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Èmi sọ tèmi níwájú òyìnbó àti ọ̀gá, ilẹ̀ ò sì lanu gbé mi mì.