Ssenga Ní Kí N Dìde

Ẹ ní kí n dìde? Èmi tí mo kúnlẹ̀ kí yín, Ssenga, ẹ ní kí n dìde kíá, ẹ sì ń wojú ilẹ̀kùn! Ta lẹ rò pé ó ń wò wá? Ẹ̀yin àbúrò bàbá mi lóbìnrin! Látìgbà tí mo ti bọ́ ṣòkòtò sílẹ̀ ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí yín, ẹ máa ń dá mi lóhùn, ẹ máa ń bi mí bí mo ṣe sùn, òní ló wá di èèwọ̀. Háà!

Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi! Ìyá mi ń sunkún, bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀yin lẹ fà mí wọ yàrá, ẹ ní tí mo bá ti sọ pé obìnrin ni mí, kí n má ṣe é lábọ̀, pé iṣẹ́ Ssenga ni láti kọ́ ọmọbìnrin. Ẹ kọ́ mi bí àwọn obìnrin ṣe ń di aṣọ gómẹ́sì, bí wọ́n ṣe ń ká ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Nabatanzi, orúkọ obìnrin. Àbí irọ́ ni mo pa? Katonda Ọba òkè ń gbọ́ o.

Òfin? Òfin wo? Èyí tí wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí ní Kampala, tí ẹnikẹ́ni ò tíì buwọ́ lù? Èmi náà gbọ́ ọ lórí rédíò: ẹni tí wọ́n bí lọ́kùnrin tó bá ń pe ara ẹ̀ lóbìnrin, ẹ̀wọ̀n, ẹni tó mọ̀ tí ò sọ, ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyẹn lẹ fi gbé ẹ̀wù kanzu bàbá mi wá, tẹ́ ẹ ní kí n múra bí ọkùnrin lọ síbi ìdána Nakiwala àbúrò mi lọ́la. Ẹ ní torí ìfẹ́ ni. Kí lẹ wá ń ṣe lẹ́yìn alùpùpù alága àdúgbò lánàá? Ẹ má sọ pé ó kàn gbé yín sọ́nà ni o, alága tí kì í gbé ìyá tó bí i!

Kí lẹ bá a sọ? Ẹ má wolẹ̀, èmi ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ̀rù ń bà mí, Ssenga. Ẹ̀rù yín ló sì ń bà mí ju ti ọlọ́pàá lọ.

Fóònù ta nìyẹn? Inú báàgì yín ni. Ẹ mú un wá kí n rí i... Alága! Rárá o, ẹ má pa á. Ẹ gbé e, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ohùn ẹ̀ jáde síta kémi náà gbọ́. Tó bá bi yín pé ta ló wà lọ́dọ̀ yín, ẹ dá a lóhùn lójú mi. Ẹ gbé e, Ssenga! Ẹ jẹ́ n gbọ́ orúkọ tẹ́ ẹ máa pè mí.