Ètò Kékeré Tó Wà Lápò Mi

Ẹ jókòó dáadáa, nítorí ẹni tó ti ń pa yín lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yìí fẹ́ sọ ohun tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi há ọ̀rọ̀ yìí sábẹ́ ahọ́n bí oògùn kíkorò. Mi ò gbé e mì, mi ò sì tu ú dànù. Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mọ̀ mí sí ọkùnrin tó wá ètò kọ̀ǹpútà kan rí nígbà tí gbogbo èèyàn ti sọ ìrètí nù. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n gbé fọ́tò mi kọ́ ara ògiri. Ẹ lọ já fọ́tò yẹn lulẹ̀. Èmi tí mo wá a rí ni mo gbé e pamọ́.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn là ń tún ṣe, èyí tí àwọn tí etí wọn ti wúwo máa ń kì bọ etí. Ẹ̀rọ yẹn ò gbọ́n fúnra rẹ̀. Ètò kékeré kan wà tí a fi ń kọ́ ọ bí etí ẹni tó ni ín ṣe rí, ibi tó ti kú àti ibi tó ṣì já fáfá. Ètò náà kò tóbi ju fọ́tò méjì lọ nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n láìsí i, ẹ̀rọ náà kò sàn ju ẹ̀wà tí ọmọdé kì bọ etí lọ. Àwọn tó ṣe é ti kógbá sílé. Ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ wa, lórí fìláàṣì pupa kan tí a fi okùn bàtà so kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ògiri. Ọ̀gá ò jẹ́ ká ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹnì kan má baà gbé ẹ̀dà lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú fìláàṣì á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tó wà lábẹ́ ìṣó. A kì í kọ nǹkan kan tí a bá dá a padà. Bó bá ti wà lórí ìṣó, ó ti padà nìyẹn. Òfin òmùgọ̀ ni, àmọ́ ó bá wa débì kan.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Onígíláàsì, torí gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Kò pé ọdún kan tí àwọn oníbàárà fi ń gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, a ó dúró de ọmọ yẹn." Èmi tí mo ti ń dá wọn lára yá kí ó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì! Ìlara ni, mi ò ní wọ aṣọ mìíràn fún un. Ní ọjọ́ Ajé kan, ó lo fìláàṣì tán, ó gbé e kọ́. Mo yọ ọ́, mo sọ ọ́ sápò ṣòkòtò. Mi ò kọ orúkọ, nítorí náà orúkọ tirẹ̀ ló gbẹ̀yìn ìwé. Èrò mi ni pé kí òógùn bò ó fún ọjọ́ kan, kí n wá "rí" i lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ni mo ṣe olórí àwọn tó ń wá a. Mo da garawa ìdọ̀tí sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún fíríìjì, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Onígíláàsì ń wo ìṣó yẹn bí ẹni pé ìṣó ló gbé e mì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo dá a padà. Ṣé ẹ ò rí mi ni?" Mo ní mi ò rí i. A kọjú sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ojúlé àwọn tó ṣe ètò náà ti di ti ẹni tó ń ta bàtà. Ọkùnrin kan ní òun ní in, ó fi ránṣẹ́, a ṣí i: ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Mo fọwọ́ lérí, mo kẹ́dùn jù wọ́n lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni oníbàárà wa kan, Ìyá Aránṣọ, dé. Ẹ̀rọ wọn ti já sómi, a ti pààrọ̀ inú rẹ̀, ó ku kí a fi ètò kọ́ ọ mọ etí wọn padà. Wọ́n ní ká ṣàánú àwọn, ọkọ àwọn wà ní ọsibítù, àwọn nìkan ló sì dúró tì í. Wọ́n ní àbúrò àwọn ì bá ran àwọn lọ́wọ́, àmọ́ àwọn méjèèjì ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí àbúrò náà ti jí fọ́tò kan ṣoṣo tí ìyá wọn fi sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí bébà fún wọn pé à ń wá a. Fìláàṣì ń gún mi nítan bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, dókítà ní ọjọ́ Bàbá, ọkọ Ìyá Aránṣọ, ò pọ̀ mọ́. Ọ̀gá ní kí n gbé kọ̀ǹpútà lọ bá wọn ní ọsibítù, kí n fi ètò mìíràn gbìyànjú. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni fìláàṣì tó wà lápò mi á fi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá yọ ọ́, Ọ̀gá á béèrè ibi tí mo ti rí i. Ni mo bá ń tẹ kọ̀ǹpútà lásán. Bàbá lajú. Ìbòmú atẹ́gùn bo ẹnu wọn, Ìyá ò lè wo ètè wọn. Ohùn wọn kò ju kí bébà máa ha ara ògiri lọ, àmọ́ etí tèmi mú. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sinmi, wọ́n sọ ọ́ parí, wọ́n wá ń wojú ìyàwó wọn, wọ́n ń retí èsì. Ìyá di apá ẹ̀wù mi mú. "Kí ni wọ́n sọ?" Ìjẹ́wọ́ ni Bàbá ṣe, ẹ̀rù sì bà mí pé tí mo bá fẹnu mi sọ tiwọn, tèmi á tẹ̀ lé e jáde. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: WỌN Ò SỌ NǸKAN KAN. Mo gbé e sókè. Bàbá kà á. Ẹ̀yin èèyàn mi, Bàbá kà á. Wọ́n wò mí, wọ́n pa ojú dé. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n kú.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ikú wọn, mo ti pinnu láti dá nǹkan náà padà sórí ìṣó. Mo dé ibi iṣẹ́ kí n tó rántí pé ṣòkòtò mìíràn ni mo wọ̀. Mo sáré padà sílé. Ìyàwó mi, aláàánú, ti rẹ ti àná sínú ọṣẹ. Fìláàṣì ń dán nísàlẹ̀ omi, kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ki fìláàṣì bọ kọ̀ǹpútà; kọ̀ǹpútà ò dá a mọ̀ mọ́. Olè tó gbé kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Tèmi burú jù bẹ́ẹ̀: mo gbé kàkàkí, mo tún fọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ.

Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá fi ìka lé orúkọ tó gbẹ̀yìn ìwé. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Onígíláàsì, kò jà. Ó kó kọ́ọ̀pù rẹ̀ àti súwẹ́tà rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi máa wá a. Tí ẹ bá rí i, ẹ pè mí, kí n ṣáà mọ ibi tó wà." Mo ní màá pè é. Ìgbà yẹn ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lóòótọ́. Fún ọ̀sẹ̀ méje, mo kọ̀wé sí àwọn tí mi ò mọ̀ rí, mo bẹ̀bẹ̀, mo sunkún, títí mo fi kan bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní ètò náà lórí àwo sídíì pẹlẹbẹ kan tó ń gbé kọ́ọ̀pù tíì lé. Ó nù ún, ó fi ránṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ́ ẹ̀rọ Ìyá Aránṣọ mọ etí wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí nígbà tí etí wọn là ni pé, "Ṣé lóòótọ́ ni pé wọn ò sọ nǹkan kan?" Mo ní, "Lóòótọ́ ni, Mà." Wọ́n gbọ́ mi ketekete.

Etí tèmi náà ti ń kú báyìí. Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó sọ nǹkan kan, òun àti ìyá rẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín. Mo béèrè ohun tó sọ. Ìyàwó mi juwọ́. Mo rí i lẹ́nu rẹ̀ pé ó ní, "Kò sọ nǹkan kan." Mo dìde lórí oúnjẹ, mo lọ wá bírò.

Onígíláàsì, o dá a padà. Ó wà lórí ìṣó, èmi ni mo yọ ọ́. Mo ṣèlérí pé màá pè ọ́. Ìpè náà nìyí, ó pẹ́ ní ọdún mọ́kànlá. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Ọ̀gá náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹ bá gbé nǹkan pamọ́ kí wọ́n lè yìn yín, ẹ rántí pé kì í ṣe ẹni tó ń wá a nìkan ló máa jìyà rẹ̀.

Ìyá Aránṣọ, mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹ kọ́kọ́ gba ẹrù yín. Ohun tí ọkọ yín sọ nìyí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an: "Àbúrò rẹ kọ́ ló jí fọ́tò. Èmi ni mo da tíì sí i, ojú tì mí. Mi ò lè jù ú nù, ó wà lẹ́yìn dígí yàrá wa. Ojú ìyá yín ṣì hàn níbẹ̀. Lọ pe àbúrò rẹ." Ẹ yí dígí yẹn padà, Mà.