Bọ́ọ̀dù Ìyáálé Tí N Kò Fa Iná Dé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi láti nǹkan bí ọdún méje. N ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, n ò sọ ọ́ fún ìmáàmù wa. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé wọ́n fẹ́ so yìgì ọmọbìnrin kan ní Sọ́ńdè, bàbá rẹ̀ sì ti búra pé òun ò ní yọjú síbẹ̀. Èmi ni mo fà á.

Rẹ́wáyà ni mí, ní Ajégúnlẹ̀ níbí. Ẹ má pè é ní ìgbéraga, mo mọ iṣẹ́ iná dunjú. Kò sí ilé tí mo fa wáyà sí tó jóná rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà, òun náà ló mú mi lọ síbi tí mo ti kọ́ṣẹ́. Òun ni ìyàwó kejì Alhaji kan tó máa ń bá àwọn oníṣòwò gbẹ́rù jáde ní wọ́ọ̀fù Àpápá.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, Alhaji kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ Malu Road, ní Ajégúnlẹ̀ níbí náà. Ìyáálé, ìyẹn Ìyá Mulíká, ń gbé ìsàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń gbé òkè. Kálukú ló ní mítà àti bọ́ọ̀dù tirẹ̀, torí Alhaji ò fẹ́ ìjà orogún.

Nígbà tí iná ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, Alhaji ra jẹnẹrétọ̀ kan. Ó ní kí n fa iná rẹ̀ dé bọ́ọ̀dù méjèèjì. Ká ní mo di ojú mi gan-an, màá ṣe iṣẹ́ yẹn. Kí n ṣáà fi ṣénjìófà sí ìdí bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí iná ìjọba àti ti jẹnẹrétọ̀ má baà pàdé, ó parí. Bí wọn ò bá ti ki áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ bọ̀ ọ́, ó máa gbé òkè gbé ìsàlẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi fà mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní gbogbo nǹkan nínú ilé yẹn, ọ̀dọ̀ Ìyáálé ló ń kọ́kọ́ dé, ṣé òun náà ò lè ní nǹkan kan ṣoṣo tó jẹ́ tòun ni? Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo lọ bá Alhaji, mo ní jẹnẹrétọ̀ náà ò lè gbé bọ́ọ̀dù méjì, pé ó máa jó, pé ti òkè nìkan ló lè gbé. Ó gbà mí gbọ́. Ta ni ò ní gba rẹ́wáyà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ iná?

Ẹ̀yìn fèrèsé Ìyá Mulíká gan-an ni jẹnẹrétọ̀ wà. Òun ló ń gbọ́ ariwo, òun ló ń fa èéfín símú, òkè ló ń mọ́lẹ̀. Mulíká á gbé ìwé rẹ̀, á lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀gbọ́n mi kó lè rí kà. Alhaji ṣàlàyé fún Ìyá Mulíká pé rẹ́wáyà ló ní kò ṣeé ṣe, àmọ́ kò wọ obìnrin náà létí.

Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Mulíká pè mí wọlé ní ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, má purọ́ fún mi. Ṣé ẹ̀rọ yẹn ni ò lè gbé e, àbí ọkọ mi ni ò fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ mi?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ẹ̀gbọ́n mi ò rán mi ní èyí. N ò kàn fẹ́ kí obìnrin náà rò pé n ò mọṣẹ́ ni. Mo ní, "Ẹ̀rọ lè gbé e, Ìyá. Bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe é ni mo ṣe é."

Kò bínú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìjọ́rá lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Alhaji rán àwọn àgbà lọ bẹ̀ ẹ́ títí. Ohun tó ń sọ fún wọn ò ju pé òun ò lè bá òpùrọ́ gbélé. Kò dárúkọ mi, kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà dun Alhaji wọra, ó ní obìnrin tó ti ń wá ọ̀nà àtilọ ni.

Ní báyìí, Mulíká ti rí ọkọ. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ ló yẹ kó fà á fọ́kọ. Alhaji ní kí ìyá tó kọ òun sílẹ̀ lọ fà á. Ọmọ náà wá sí Ajégúnlẹ̀ wá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sunkún títí. Mo wà ní pálọ̀ Alhaji níbẹ̀, mò ń tún súìṣì kan ṣe, ojú sì tì mí gan-an.

Mo ti pinnu pé màá sọ fún Alhaji. Ìyẹn ò le fún mi mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni ìṣòro mi. Tí mo bá sọ gbogbo rẹ̀, ilé ẹni tó tọ́ mi lè dàrú. Ṣé kí n sọ tèmi kí n fi tirẹ̀ pamọ́, àbí irọ́ mìíràn nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di Sọ́ńdè.

Mulíká, tí ìwé ìròyìn yìí bá dé ọwọ́ rẹ, dárí jì mí. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn dé, ó fọwọ́ tọ́ka sí bọ́ọ̀dù ìyá rẹ, ó ní ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀.